Owó Ta Ló Wà Nínú Àpò Jákẹ́ẹ̀tì Ọyẹ́ Yín?

Ọyẹ́ ti dé. Ètè ti ń là, ẹsẹ̀ ti funfun bí ẹni tó gba inú ẹlùbọ́ kọjá, ẹni tí kò fi ìpara kan ara láti oṣù Kẹta ti ń wá òrí kiri. Tẹ́ ẹ bá jáde láàárọ̀ kùtù báyìí, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ ìlú tí wọ́n ti yọ jákẹ́ẹ̀tì, súwẹ́tà àti húùdì tí wọ́n dì sísàlẹ̀ báàgì Gáná-mọ́ọ̀-gò láti ọdún tó kọjá. Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ tutù, gbogbo wa la mọ̀. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, oòrùn á ti lé gbogbo wa jáde nínú aṣọ náà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí ọyẹ́ kọjá lọ láìjẹ́ pé òun fi jákẹ́ẹ̀tì ya fọ́tò?

Ọ̀rọ̀ òtútù kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ṣá. Ọ̀rọ̀ àpò ni. Aṣọ tí èèyàn ń wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dún, tó wá ń fi oṣù mẹ́wàá sùn, àpò rẹ̀ kì í ṣófo. Mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi lórí WhatsApp pé kí ni wọ́n bá nínú tiwọn. Ọ̀kan bá íyapíìsì ẹyọ kan. Èkejì rẹ̀ ti sọnù tipẹ́. Ọ̀kan bá káàdì ìpè ìgbéyàwó, tọkọtaya náà sì ti kọ ara wọn sílẹ̀ báyìí. Ọ̀kan bá kọ́kọ́rọ́ ilé tó ti kó kúrò níbẹ̀, tó sì ti sanwó fún lánlọ́ọ̀dù nítorí pé ó ní òun sọ ọ́ nù. Òmíràn bá súwíìtì tó ti yọ́, tó lẹ̀ mọ́ aṣọ pátápátá.

Ohun tí gbogbo wọn ń gbàdúrà láti bá ni owó. Ẹ̀yin náà ẹ wo ara yín: ẹni tó bá N500 nínú aṣọ ara rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn bíi pé ẹlòmíì ló fi ta á lọ́rẹ. Owó tirẹ̀ ni o! Òun ló ṣiṣẹ́ fún un, òun ló gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú sápá tó wà níta yìí, a kì í bi owó léèrè pé níbo lo ti ń bọ̀.

Èmi rò pé ó yẹ ká máa bi í.

Àbúrò mi obìnrin kan tó jápa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n ronú sí i. Lọ́dọ̀ tiwọn, kóòtù òtútù kì í ṣe eré fọ́tò. Aṣọ ńlá ni, ó wúwo, wọ́n á wọ̀ ọ́ títí di bí oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, wọ́n á wá fi kọ́ sínú wọ́dúróòbù títí òtútù á fi padà dé. Nígbà tó yọ tirẹ̀ jáde lóṣù Kọkànlá ọdún 2022, ó bá £20 nínú àpò, èyí oníbébà, tí àwòrán Adam Smith wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń jó. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọmọbìnrin tó wà nídìí owó wò ó, ó dá a padà. Kí ló ṣẹlẹ̀? Nígbà tí kóòtù ń sùn, owó kú. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni £20 àti £50 oníbébà kúrò nínú ohun tí wọ́n ń ná. Onírọ́bà nìkan ló kù. Adam Smith tó kọ̀wé lórí ọrọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè, òun fúnra rẹ̀ ò ra búrẹ́dì mọ́.

Ó sọ ọ́ fún mi lórí fóònù bíi pé wọ́n jà á lólè. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Bank of England kì í sọ pé owó tí òun tẹ̀ ti di òtúbáńtẹ́; bó ti wù kó pẹ́ tó, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó bá gbé e wá. Owó náà kú sí ọwọ́ ọlọ́jà ni, kò kú sí ọwọ́ ẹni tó bí i. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ó máa tó kan àwa náà.

Ká padà sílé. Ọ̀pọ̀ jákẹ́ẹ̀tì tí à ń wọ̀ níbí kì í ṣe tiwa látilẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, òkìríkà ni. Kóòtù tó ti rí yìnyín rí, tí olówó rẹ̀ kó fún àwọn ẹlẹ́yinjú àánú, tí wọ́n dì mọ́ igba aṣọ mìíràn nínú béèlì, tó wá wọ ọkọ̀ ojú omi. Nínú ìwé, aṣọ àlòkù wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà fòfin dè pé kò gbọdọ̀ wọlé. Lójú títì, Kùtọnu ò jìnnà, béèlì sì kún ọjà Katangúà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta débi pé èèyàn ò rí ilẹ̀ tẹ̀. Mo lọ síbẹ̀ lọ́dún kan láti lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣa aṣọ bíi gbogbo èèyàn. Mo rí i pé kí oníbàárà tó fọwọ́ kan aṣọ, ọwọ́ oníṣòwò ti wọ àpò. Ó ń tú u bí ẹni tó ń wá iná orí nínú irun ọmọ: àpò ìta, àpò inú, àpò kékeré tí àwọn òyìnbó ń dá sókè igbáàyà. Mo bi í pé ṣé ó máa ń rí nǹkan. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti bá £10 rí. Inú òun dùn, òun gbé e lọ fún àwọn mọ̀lá tó ń ṣẹ́ owó, wọ́n wò ó lójú òòrùn, wọ́n ní, "Àlhájì, èyí ti gbó." Ti Charles Darwin ni, oníbébà, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2018 ni wọn ò ti ná an mọ́. Ó ṣì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ìsọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè tó wọ orí mi níbẹ̀ ni pé, ká ní owó náà ṣì dára, ta ló ni ín?

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo kàwé òfin, àrùn wa nìyẹn. Irú ọ̀rọ̀ yìí ti dé kóòtù rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1841. Merry v Green ni wọ́n ń pe ẹjọ́ náà. Ọkùnrin kan ra àpótí ìkọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń lu ẹrù ní gbàǹjo. Ó gbé e délé, ó wá rí i pé dúrọ́ọ̀ ìkọ̀kọ̀ kan wà lára rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ sí. Ó ṣí i, ó bá àpò owó níbẹ̀. Ó ná an. Ariwo sọ. Àwọn adájọ́ ní kì í ṣe pé èèyàn ra àpótí ló wá jẹ́ pé ó ti ra gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àpótí nìkan ló mọ̀ pé wọ́n tà fún òun, tó sì wá kó owó tó bá níbẹ̀, ó lè di olè. Àfi tó bá ní ìdí tó mọ́gbọ́n wá láti gbà pé wọ́n ta àpótí náà tinú-tòde.

Ẹ wá fi kóòtù rọ́pò àpótí. Màmá àgbà tó kó kóòtù rẹ̀ sílẹ̀ ní Manchester, kóòtù ló fi ṣe sàráà. Kò fi £10 ṣe sàráà. Kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ mú oníṣòwò Katangúà. Criminal Code tiwa níhìn-ín, abala 383, ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá rí ohun tó sọnù. Ó ní bí ẹni tó rí i ò bá mọ olóhun, tó sì ní ìdí gidi láti gbà pé kò sí bí wọ́n ṣe lè rí olóhun náà, wọn ò ní kà á sí olè tó bá lò ó. Ẹsẹ̀ méjì ni ilẹ̀kùn yẹn fi dúró: o ò mọ ẹni tó ni ín, o ò sì lè rí i. Ẹni tó wà ní Katangúà, níbo ló ti máa rí ìyá ní Manchester? Ó bọ́.

Èmi kò bọ́. Ẹsẹ̀ kìíní gan-an ló ṣẹ́ mọ́ mi lábẹ́, torí mo mọ olóhun dáadáa. Mo ti jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká padà sí oṣù Kìíní ọdún 2023. Ẹ̀yin náà rántí. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni CBN kéde pé àwọn máa pààrọ̀ N200, N500 àti N1,000. Tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́jọ́ 15 oṣù Kejìlá, wọ́n sì ní tó bá ti di ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, àtijọ́ ti di bébà. Ojú gbogbo ìlú pọ́n. Agbowó ni mò ń gbé nígbà yẹn, nílùú Ìbàdàn. Níwájú ilé wa ni Ìyá Ẹlẹ́kọ ń tà sí. Láàárọ̀, ìlà tó wà níwájú rẹ̀ gùn ju ti báǹkì lọ, akẹ́kọ̀ọ́, ọlọ́kadà, tíṣà. Lọ́yà ló ń pè mí. Mi ò ṣe iṣẹ́ lọ́yà lọ́jọ́ kan, mo máa ń sọ fún un, ó ní òun ò bi mí nípa ìyẹn. Tí mo bá ra ẹ̀kọ mẹ́rin, ó máa ń fi ọ̀kan ṣe èènì fún mi. "Jẹun dáadáa, Lọ́yà, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu ẹ."

Ó ní àkáǹtì, ṣùgbọ́n kò lè fi ọjà àárọ̀ sílẹ̀ lọ fi ìdajì ọjọ́ tò sí báǹkì. Ó fọ́ kóló rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó gbé láílọ́ọ̀nù dúdú kan wá bá mi: N87,000, gbogbo rẹ̀ N1,000 N1,000. Ó ní, "Lọ́yà, bá mi tò ó sí àkáǹtì mi kí wọ́n tó sọ ọ́ di ìwé ìdánáṣé." Mo gbà á. Mi ò kà á lójú rẹ̀. Ẹ wò ó, èmi tí mo máa ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n máa gba rìsíìtì.

Aago márùn-ún ìdájí ni mo kúrò nílé. Ọyẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré, èèyàn ò rí iwájú dáadáa nítorí ìkùukùu. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú mi, òkìríkà ni, mo rà á ní N3,500. Nítorí àwọn jáwójáwó, mo pín owó sí méjì, ìdajì sínú àpò ṣòkòtò, ìdajì sínú àpò inú jákẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, wọ́n ti ń kọ orúkọ sórí bébà kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èmi ni ẹni 64. Wọ́n tì wá, a ti ara wa, ẹnì kan dákú, wọ́n da omi sí i. Ó di bí aago kan ọ̀sán kí n tó dé iwájú kàṣíà. Mo kó gbogbo rẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ kà á: 83. Mo ní kó tún un kà. Ẹ̀rọ tún un kà: 83. Mo ki ọwọ́ bọ gbogbo àpò mi. Kò sí nǹkan. Mo búra fún yín, kò sí nǹkan níbẹ̀.

Mo gbé tẹ́là lọ bá a. Àwọn oníbàárà wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin méjì náà wà níbẹ̀.

"Lọ́yà, N87,000 ni mo kó fún ẹ."

"Ìyá, 83 ni wọ́n kà. Ẹ wo ìwé. Ẹ̀rọ ló kà á, èèyàn kọ́."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á lóru."

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ó yẹ kí n ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó papọ̀, mà." Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ̀rí ńkọ́? Lábẹ́ òfin, ẹni tó bá ní nǹkan rí báyìí, òun ló máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀." Evidence Act ti 2011 ni, abala 131. Mo kà á fún obìnrin tó ń bọ́ mi. Nígbà tí mo rí i pé kò tíì tó, mo fi kún un: "Àbí ẹ fẹ́ sọ pé mo jí owó yín ni?"

Ẹ̀yin náà mọ gbólóhùn yẹn. Ẹ ti lò ó rí, wọ́n sì ti lò ó fún yín rí. Kì í ṣe ìbéèrè. Wọ́n fi ń dí èèyàn lẹ́nu ni, torí ta ló fẹ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni lójú gbogbo èèyàn? Ó wò mí. Ó ní, "Rárá o. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó dáa, Lọ́yà."

Mo borí. Láti ọjọ́ náà, mo bá ra ẹ̀kọ mẹ́rin, mẹ́rin náà ni mo máa gbé lọ sílé. Mo ní inú ló ń bí i, ó máa tó tán.

Owó náà fúnra rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó ń jí. Wọ́n sún ọjọ́ ìparí síwájú sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Lọ́jọ́ 8, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí wọ́n dá a dúró ná. Lọ́jọ́ 16, Ààrẹ Buhari bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní N200 àtijọ́ nìkan ni a ṣì lè ná, títí di ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. N1,000 kú. Àwọn èèyàn ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS, ìfẹ̀hónúhàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní a ṣì lè ná gbogbo àtijọ́ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. N1,000 jí. Ó tó bí ọjọ́ mẹ́wàá sí i kí CBN tó gbà pẹ̀lú ẹnu ara wọn, àwọn ọlọ́jà kan ò sì gbà á fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kọkànlá, ilé ẹjọ́ náà tún ní kí àtijọ́ àti tuntun jọ máa rìn lọ, kò sí ọjọ́ ìparí mọ́ ná. Ẹni tó dì í sínú aṣọ tó sùn látòpin ọyẹ́ kan títí di òmíràn, owó rẹ̀ ti rin ìrìn àjò ọ̀run lọ ọ̀run bọ̀, òun ò sì mọ̀.

Èmi ni mo ń ṣàpèjúwe yẹn. Mo ti kó lọ sí Èkó lóṣù Kẹjọ. Lóṣù Kejìlá, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ fẹ́ wá díẹ̀, mo yọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú jáde. Ó ń rùn kánfọ̀. Bí mo ṣe ń gbọn eruku rẹ̀ dànù, nǹkan kan ń dún pàrà-pàrà nísàlẹ̀, níbi tí etí aṣọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bébà. Mo ki ọwọ́ bọ àpò inú, mo wá ihò náà rí pẹ̀lú ìka: ihò kékeré ní igun ìsàlẹ̀, kò ju kí ìka méjì gbà á kọjá lọ. Ohun tó bá gba ibẹ̀ bọ́, àárín aṣọ ìta àti aṣọ inú ló máa lọ. Mo fi bíléèdì tú òwú rẹ̀. Ẹyọ N1,000 mẹ́rin, àtijọ́, wọ́n ká mọ́ra.

Mo jókòó lórí ibùsùn.

Mo fẹ́ jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí mo rò, torí mi ò fẹ́ kí ẹ máa wò mí bí ẹni rere. Mo rò pé N4,000 ni. Mo rò pé obìnrin yẹn ti gbàgbé. Mo rò pé ká ní ẹlòmíì ló ra jákẹ́ẹ̀tì yìí lọ́wọ́ mi, òun ni ì bá rí i, abala 383 ì bá sì gbà á sílẹ̀. Mo fi owó náà sínú àpò ìta, mo sì wọ jákẹ́ẹ̀tì náà jáde fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo sọ fún ní, "Ṣe transfer fún un jàre, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rẹ́ rere ló fi ránṣẹ́. Álẹ́ẹ̀tì á wọlé, inú ẹ̀ á dùn, ó tán."

Ìmọ̀ràn yẹn wọ̀ mí lójú gan-an. Mo ṣí áàpù báǹkì, mo tẹ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, tí mo ṣì ní lórí tẹ́là tí mo ya fọ́tò rẹ̀ kí n lè ní ẹ̀rí. Orúkọ rẹ̀ jáde, orúkọ gidi rẹ̀ tí mi ò pè rí. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti rọ̀. Ọ̀rẹ́ rere wo? Owó lè wọlé sí àkáǹtì rẹ̀ kí gbogbo ilé ṣì máa rò pé ìyá yìí ni kò mọ owó kà.

Mo lọ sí Ìbàdàn ní ọjọ́ Sátidé. Ó wà níbi tó máa ń wà, ó ń to ẹ̀kọ sínú abọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ pátápátá lórí ilẹ̀ Agbowó, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì.

"Háà! Lọ́yà? Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà. Owó yín ni mo rí."

"Owó wo?"

"N4,000 ti báǹkì."

Kò sọ nǹkan kan. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. Ó wá pe ọmọ rẹ̀ àgbà tó wà nínú ilé, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìyẹn jáde, ó ní, "Tún un sọ. Sọ ọ́ sókè, kó gbọ́."

Mo tún un sọ. Mo fi ihò náà hàn wọ́n. Mo ní N87,000 ni màmá kó fún mi, bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí, èmi ni mi ò mọ̀. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀.

"Ṣé o gbọ́?" ló bi ọmọ rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi. "Lọ́yà, mo mọ̀ pé o ò jí i. Mi ò fìgbà kan rò ó. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, eléyìí bi mí pé, 'Màámi, ṣé ẹ ṣì mọ owó kà ṣá?' Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bá mi ka owó ọjà mi. Wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á tún un kà lẹ́yìn mi. Èmi tí mo fi ẹ̀kọ rán wọn níléèwé."

Mi ò ní èsì. Gbogbo abala òfin tí mo mọ̀, kò sí èyí tó wúlò níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Ọmọ rẹ̀ náà ní, "Màámi, ẹ má bínú." Ó ní òun ti gbọ́.

Mo na owó náà sí i. Ó gbà á, ó gbé ọ̀kan sókè sí oòrùn, ó yí i síwá-sẹ́yìn. Ó ní ẹ̀wà kóńgò mélòó ni N4,000 ń rà nígbà yẹn, kóńgò mélòó ló máa rà báyìí? Mo ní mo ti mọ̀, mà, mo fẹ́ fi nǹkan lé e. Ó gbọn orí. Ó ní òun kì í gba èlé lọ́wọ́ ọmọ.

"Ṣé wọ́n tiẹ̀ ń ná eléyìí ṣá?"

"Wọ́n ń ná an, mà. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ọ́, láìpẹ́ yìí pàápàá."

"Kóòtù kọ́ ló ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi."

Ó dá a padà fún mi. Mo fi fóònù san N4,000 sí àkáǹtì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, álẹ́ẹ̀tì dún nínú àpò rẹ̀, ó ní kí ọmọ rẹ̀ kà á sókè. Ọmọ náà kà á sókè. Èmi sì dá ẹyọ mẹ́rin náà padà sí àpò ìta, èyí tí kò ní ihò.

Ebi ń pa mí. Mo ní kó fún mi ní ẹ̀kọ mẹ́rin pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, mo sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń dì í. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Kò fi èènì sí i.